Nǹkan Wà Nínú Omi Àlájà

Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Èjìgbò, omi là ń yẹ̀ wò. A máa ń lọ láti kànga dé kànga, a ó bu omi sínú ìgò, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Bí èsì bá dé, ẹnì kan ní láti lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fún onílé. Èmi lẹni náà. Ọ̀gá wa kàwé débi pé bí wọ́n bá kí ènìyàn, á dà bí ẹni pé wọ́n ń ka ìwé àdéhùn. Wọ́n gbà mí nítorí pé mo lẹ́nu, mo sì mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ ọ́n jù ni. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í purọ́, wọ́n máa ń gbàgbé ni. Iyọ̀ kì í pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ àgbà, ẹnu wa ni kò gbà á. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí èsì kànga ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé, tí mo kà á pé ṣáláńgá ti ń jò wọ inú rẹ̀, àyà mi já.

Àlájà ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Wọ́n ta aṣọ títí ní Àbíjàn, kànga yìí sì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n fi owó wọn ṣe nígbà tí wọ́n padà wálé. Àwọn ọmọ iléekéwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi àlùwàlá àti èyí tí wọ́n ń mu. Bí o bá fẹ́ rí ẹ̀rín Àlájà, sáà ti yin omi wọn.

Mo kúnlẹ̀. Mo kí wọn, mo béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, mo béèrè àwọn ọmọ tó wà ní Àbíjàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò ku ẹni tí mo lè béèrè mọ́, mo ní, "Àlájà, èsì omi ti dé o. Omi yín kì í ṣe omi lásán mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé nǹkan wà nínú ẹ̀."

"Nǹkan kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó tiẹ̀ pọ̀ díẹ̀."

Bí inú Àlájà bá dùn, Faransé á jáde. "Fuwalà!" Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilahi! Ṣebí mo ti ń sọ ọ́ fún wọn!"

Ó yẹ kí n là á yé wọn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, ta ni yóò wá já àdúrà gbà mọ́ àgbà lẹ́nu? Mo ṣe àmín, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá bi mí bóyá mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo ní mo ti jẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ohùn kan wọlé sórí Wásáàpù mi. Ohùn Àlájà ni, ó ti dé Àbíjàn, ó ti padà: àwọn òyìnbó ti fi ẹ̀rọ wo kànga àwọn, wọ́n sì rí nǹkan níbẹ̀. Kò sí òyìnbó kankan níbi iṣẹ́ wa. Ẹni tó pupa jù nínú wa, ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ lórí ọ̀kadà títí mo fi dé ilé Àlájà.

Kẹ́ẹ̀gì ti tò láti ẹnu ọ̀nà Àlájà dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọkùnrin kan wá láti ìlú Ara, ó di kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní omi tó ní nǹkan nínú ni ọmọ tuntun yẹ kó máa mu. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo bẹ Àlájà wọ yàrá. Mo tún kúnlẹ̀, mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n.

"Sọ̀rọ̀ jàre, èrò ń dúró dè mí."

"Ìgbẹ́ ni, mà," mo ní. "Nǹkan tó wà nínú omi yẹn, ìgbẹ́ ni. Ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé ló ń jò sí i. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún."

Mo ń retí ìgbájú. Wọn ò gbá mi. Wọ́n jáde, wọ́n da omi ará Ara nù fúnra wọn, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń pariwo fún gbogbo èrò pé ìgbẹ́ ni, ìgbẹ́ ni o, láìfi bò rárá. Wọ́n ránṣẹ́ pe ààfáà iléekéwú. Ààfáà ní inú ń run ọmọ mẹ́ta láti ìjẹta, àwọn ò sì mọ ohun tí wọ́n jẹ. Ara wọn ti yá báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, a ò tíì mọ̀ pé yóò yá.

Nígbà tí èrò túká, Àlájà jókòó tì mí lórí àga. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Ọ̀wọ̀ tí o bù fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá," wọ́n ní, "àwọn ọmọ ló mu ún."