Òórùn Dísẹ́lì Lára Búrẹ́dì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí gbogbo wa ń gbé yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, búrẹ́dì ni bàbá mi ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó. Ilé búrẹ́dì kan wà lọ́nà Ìṣẹ̀rí-Olófin, ti Alhaja kan ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, bàbá mi á kó búrẹ́dì gbígbóná níbẹ̀, á pín in fún àwọn tó ń tà á ní Ìyànà Ìpájà, á wá parí rẹ̀ sí Gowon Estate, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti máa ń fẹ́ jẹun kí wọ́n tó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra búrẹ́dì inú ọ̀rá lónìí, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà náà. Orí pátákó la ń tò ó sí láìbò, ọwọ́ lásán la sì fi ń gbé e. Dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan ló ń to tirẹ̀.

Bẹntiróòlù ni bọ́ọ̀sì náà ń lò. Ó wá di ọdún kan, epo wọ́n. Ọkọ̀ á tò láti ilé epo dé ibi tí ojú ò tó, àwọn míì á sì sùn sínú ọkọ̀ wọn. Kí bàbá mi tó rí epo rà, oòrùn á ti mú, búrẹ́dì á ti tutù, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á ti lọ. Alhaja fara dà á títí, ó wá ní tí búrẹ́dì bá tún pẹ́ dé Gowon Estate, òun á wá dírẹ́bà míì. Bàbá mi ò sì níṣẹ́ míì. Àárín ìgbà yẹn náà ni ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì náà kú.

Ẹ́ńjìnnì wo ni ká wá gbé sí i? Mẹkáníìkì wá sílé wa nítorí ẹ̀. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo wà, torí ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí àlejò bá ti dé, mo ti sá pamọ́ nìyẹn. Ó ní tòkunbọ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ òun. Èyí tó ń lo bẹntiróòlù kì í pariwo, ó sì máa ń tètè jí láàárọ̀, àmọ́ orí ìlà ni ẹni tó bá gbé e máa máa gbé. Ti dísẹ́lì lè jí gbogbo àdúgbò, èéfín rẹ̀ ò sì dáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tò fún dísẹ́lì, kì í sì í tètè tán.

Ìyá mi, tó pọn àbúrò mi, dá sí i. "Ṣé kò sí èyí tó ń lo gáàsì ni, bíi ti sítóòfù àwọn ará Gowon Estate? Ìyẹn ò léèéfín, kì í sì í rùn."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ jàre! Ṣé kí Bàbá máa gbé sílíńdà kiri Ìyànà Ìpájà ni? Ọkọ̀ búrẹ́dì ni àbí ilé ìdáná?"

Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí wọ́n gbé ti dísẹ́lì sí i.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìlà tán. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà ní àìsàn kan: bó bá sùn mọ́jú, afẹ́fẹ́ á ti wọ páìpù epo rẹ̀, kò ní jí. Bàbá mi á tú nọ́ọ̀tì kan, á máa fọwọ́ fún epo jáde títí afẹ́fẹ́ á fi tán níbẹ̀. Dísẹ́lì á máa ṣàn sí i lọ́wọ́. Á fi àkísà nù ún, á gba ilé búrẹ́dì lọ.

Kò pẹ́ tí búrẹ́dì fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá láti Gowon Estate. Alhaja na ọ̀kan sí bàbá mi nímú.

"Dírẹ́bà, gbóòórùn ẹ̀. Ṣé kí wọ́n jẹ ẹ́ ni àbí kí wọ́n fi tanná?"

"Ẹ má bínú, Alhaja. Kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni."

"Kẹ́ẹ̀gì ni o, àgbá ni o, tí wọ́n bá tún dá a padà, ó parí nìyẹn."

Bí gbogbo dírẹ́bà ṣe ń ṣe nígbà tí epo wọ́n, kẹ́ẹ̀gì epo kan máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá mi gbé e kúrò, ó fi ọṣẹ fọ inú ọkọ̀. Síbẹ̀ òórùn ò lọ. Ìyá mi ló rí ìdí ẹ̀. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn búrẹ́dì tí wọ́n dá padà, ó gbóòórùn orí rẹ̀, kò rùn. Ó gbóòórùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú, ó yáa gbé e jìnnà sí imú. Ó wá fa ọwọ́ bàbá mi, ó gbóòórùn òun náà.

"Ọwọ́ yín ni," ó ní.

Bàbá mi fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Dísẹ́lì ò dà bí bẹntiróòlù tó máa ń gbẹ lọ. Bó bá ti mú ara, ó mú un nìyẹn. Ìyá mi ní ọmọ ọwọ́. Èmi ni àkọ́bí. Bàbá mi wò mí, ó ní, "Lọ fọ ọwọ́ ẹ, ká máa lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi ò fọwọ́ kan búrẹ́dì mọ́. Èmi ni mo ń tò ó, èmi ni mo sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan ní Gowon Estate, mo gbé búrẹ́dì dání, mo kàn ń wò. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, "Ta lò ń wò? Àbí búrẹ́dì ló máa kí mi ni?" Mo rọra ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Búrẹ́dì dé." Ó gbóòórùn rẹ̀ lójú mi, ó gbà á. Búrẹ́dì ò padà wá mọ́, iṣẹ́ bàbá mi ò sì bọ́.

Kíláàsì kẹrin ni mo wà. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń dé ilé-ìwé kí wọ́n tó kọrin àárọ̀ tán. Nígbà tó yá, àárín àwọn apẹ́lẹ́yìn ni mo máa ń bá ara mi. Nígbà tó ṣe, n kò lọ mọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó sọ pé kí n fi í sílẹ̀.

Ayé ti yí. Àná ni ọkọ ọmọ mi gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. Ó ti gbé bẹntiróòlù tì, gáàsì ló ń lò báyìí. Sílíńdà ńlá kan ló wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé imú sún mọ́ ọn. Ká ní irú rẹ̀ wà nígbà náà, bàbá mi ì bá máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé búrẹ́dì, èmi ì bá sì wà ní kíláàsì.

"Mọ́mì, kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀?"

Mo ní, "Kò rùn."

Mo bá a pa ẹ̀yìn ọkọ̀ dé.