Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sẹ́nu Alhaja

Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí tí àwọn obìnrin ọjà wa ní Ìwó jáde sójú títì pé àwọn kò ní kó lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré nígbà náà á ti gbọ́ pé a borí. Òótọ́ ni, a borí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé kíkọ jẹun lónìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí ohun kan wà nínú ìṣẹ́gun náà tí mo ṣì ń wádìí lọ́wọ́ ara mi.

Àwọn aláṣẹ ló fẹ́ kó ọjà lọ sí ẹ̀yìn ìlú, lọ́nà Ilé-Ogbó, kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà síbi tó wà. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìwọ́de. Láti ìgbà tí mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wà lára mi. Bí mo bá gbọ́ ariwo, ẹsẹ̀ mi á ti kúrò nílé kí n tó mọ ohun tó fà á. Èmi kan náà ni mo sì ń kọ ìròyìn ìwọ́de náà fún ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni mò ń jà, èmi náà ni mò ń ròyìn ìjà. N kò rí ìyẹn bí ìṣòro nígbà náà. Ìṣòro tí mo rí ni pé n kì í gba owó oṣù, n kò ní káàdì ìdánimọ̀, ìròyìn tí wọ́n bá sì gbé jáde nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo ya fọ́tò Alhaja Sàrátù, ẹlẹ́gùúsí, ẹni tó ti lé láàádọ́rin ọdún. Iwájú ló dúró sí, ó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. N kò bá a sọ ju “ẹ kú ìdúró, Alhaja” lọ. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí olóòtú fi pè mí.

“Fọ́tò yìí dáa. Kí ni màmá yẹn sọ?”

“Wọn ò sọ nǹkan kan, sà.”

“Ìwọ́de tẹ́nì kan ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni, wá iná sí i, kó gbóná. Wákàtí kan ló kù.”

Ọjà kò jìnnà sí mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n bá ti débẹ̀. N kò lọ. Mo jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń bá mi gba iná sí fóònù, mo ń ro ohun tí irú arúgbó bẹ́ẹ̀ lè sọ. Mo wá kọ ọ́ pé Alhaja ní: “Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ìsọ̀ mi, màá bọ́ra síhòòhò lójú títì, kí wọ́n wá wo ibi tí ìyá wọn ti bí wọn.” Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù ba èmi alára. Inú mi sì dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kà á lórí rédíò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ ti ní kí Alhaja wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé àwọn aláṣẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ láti bá wa ṣèpàdé, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ bà á jẹ́. Nígbà tí a débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá wọn mú ìwé ìròyìn dání.

“Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bọ́ra síhòòhò, kí la tún fẹ́ bá yín sọ? Ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá.”

Alhaja dìde. “Ẹ wo ẹnu mi. Mo lọ Mẹ́kà, mo bọ̀. Ṣé ẹnu tó máa sọ bẹ́ẹ̀ rèé? Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi?”

Bí mo bá panu mọ́, ìpàdé ti tú nìyẹn, ọjà á sì lọ, arúgbó á di òpùrọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Alhaja ò sọ ọ́. Èmi ni mo dá a sọ, tí mo fi sí wọn lẹ́nu.”

Àwọn kan pòṣé. Ọ̀gá náà gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, ìpàdé sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n pa ètò náà tì. Olóòtú ní kí n má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí òun mọ́. Kò mẹ́nu kan iná tó ní kí n wá. Èmi náà ò mẹ́nu kàn án, torí ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Ìgbà tí ariwo ìṣẹ́gun rọlẹ̀ ni mo lọ bẹ Alhaja nílé.

“Mo ti forí jì ọ́,” ó ní. “O jẹ́wọ́ níwájú èèyàn, ìyẹn tó. Àmọ́ títí di báyìí, o ò tíì bi mí ní nǹkan tí mo wá ṣe níbi ìwọ́de yẹn.”

Ojú tì mí gan-an. Mo bi í.

“Èmi fẹ́ ká kó lọ.”

“Ẹ ní kí ni, Alhaja?”

“Mo ní mo fẹ́ ká kó lọ. Mo lọ wo ibẹ̀. Ó fẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́, àmọ́ kò sí ṣáláńgá, kò sí omi. Mo jáde kí n lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Ọjà tá a wà yìí náà ò ní. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, ilé ni mò ń rìn lọ. Ìgbà mìíì, n kì í bá a délé. Bí aṣọ mi bá ti bà jẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ kírun?”

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn mìíràn. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kò gbóná tó.

Títí dòní ni mò ń bi ara mi: èmi tí mo máa ń fẹ́ mọ ìdí ohun gbogbo, kí ló dé tí n kò lè rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ béèrè? N kò lè sọ pé ebi ni, n kò sì lè sọ pé olóòtú ni. Ìsọ̀ àwọn obìnrin wà níbẹ̀, mo yọ̀ fún wọn. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mo ti lọ béèrè ṣáláńgá yẹn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dé orí àga láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ fún mi ni pé, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ọjà yín tẹ́ yín lọ́rùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Alhaja lójú ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó ń yára bọ̀ láti ọjà, ó fi ọwọ́ kan di ìró rẹ̀ mú. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò lè dúró dáhùn.