Eyín Tí Pákò Kò Lè Fọ̀

Òórùn èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan ìlú Tẹ̀dé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn obìnrin á da iṣu tí wọ́n ti bọ̀ sórí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa, òórùn rẹ̀ tó kan díẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń sá èlùbọ́ kọjá, ọmọbìnrin kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àti eyín rẹ̀.

Kíláàsì kẹfà ni mò ń kọ́ nígbà náà. Ẹ̀yin tí a jọ ṣe iṣẹ́ tíṣà láyé ọjọ́un mọ bí àyẹ̀wò àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ṣe máa ń rí. Àwọn ọmọ á tò, wọ́n á na ọwọ́ kí a wo èékánná, wọ́n á sì la ẹnu kí a wo eyín. Kíláàsì tó bá mọ́ jù lọ ló máa gba àsíá, tí yóò gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà títí di Jímọ́ọ̀ mìíràn. Kíláàsì tèmi kì í gbà á, mo sì gbà pé ọmọ yìí ló ń fà á. Òun ló mọ̀wé jù nínú wọn. Òun ni mo gbójú lé pé yóò wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ pọ́n bí omi ẹrẹ̀, ìlà aláwọ̀ eérú sì dábùú èyí tó wà níwájú, lókè àti nísàlẹ̀. Bí a bá ti pàdánù àsíá báyìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pariwo lé e lórí pé, "Eyín Ìdí Ìkòkò, o tún ti ṣe é fún wa!" Mo gbọ́ ọ, n kò bá wọn wí.

Ní Jímọ́ọ̀ kan, mo dá a dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé.

"Ṣé o run pákò?"

"Mo run ún, sà."

"Irọ́ ni. Lọ fi eérú àti iyọ̀ fọ̀ ọ́. Bí kò bá funfun, má padà wá síwájú mi."

Ní Mọ́ńdè, ètè rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára aṣọ tó fi bo ẹnu. Eérú àti iyọ̀ kò ràn án, ló bá gún àpáàdì kúnná, ó fi ń ha eyín náà. Kò gbé àpò ìwé wá.

"Ìyá mi ní kí n wá dágbére fún yín, sà. Wọ́n ní nígbà tí tíṣà ti lé mi, kí n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Ṣakí."

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ìbínú sọ ti fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì mi. Mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a kọrí sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn nílùú náà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ọmọ náà.

"Tíṣà, ta ló ní kí ọmọ yìí máa ha eyín rẹ̀ bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ agbada?"

"Èmi ni, mà."

Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ṣé o ṣàìsàn nígbà tí o wà ní kékeré?"

"Wọ́n ní ikọ́ fẹ́ẹ̀ pa mí, mà, kí n tó máa sáré."

"Oògùn wo ni wọ́n lò fún ọ?"

"Kápúsù tó pupa lápá kan, tó yẹ́lò lápá kejì. Wọ́n ní wọ́n máa ń tú u sínú ẹ̀kọ fún mi. Ìyá mi ṣì ń rà á."

Nọ́ọ̀sì pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìdọ̀tí kọ́ rárá. Eyín tí ọmọ máa lò dàgbà ti ń mọ nínú erìgì rẹ̀ láti ìgbà tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá. Bí irú oògùn yẹn bá wọ ara rẹ̀ nígbà náà, yóò bá eyín mọ, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀. "Ní ìlú tiwa," ó ní, "a máa ń pa òwú láró kí a tó fi hun òfì. Ẹ fọ òfì náà títí, Tíṣà, ṣé aró yóò kúrò?" Ó tún ní oògùn nìkan kọ́ ló ń fa irú rẹ̀. Ibà líle tàbí àìrí oúnjẹ gidi jẹ nígbà èwe lè mú kí eyín hù ní oníhò wẹ́wẹ́. Omi àwọn ibòmíràn ń ṣe é. Àwọn mìíràn sì jogún rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ṣì ń pe gbogbo rẹ̀ ní eyín ọ̀bùn. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí àpáta ni mo ti bá ìyá ọmọbìnrin náà, tó ń yí èlùbọ́ padà, ọmọ-ọwọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyẹ̀fun funfun sì gba gbogbo iwájú ṣẹ́ẹ̀tì mi.

"Ẹ dìde, Tíṣà! Kí ló dé?"

Mo ṣàlàyé. Ó jókòó pẹ̀lẹ́ sáàárín èlùbọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo ba eyín ọmọ mi jẹ́, àbí?"

"Ẹ̀mí rẹ̀ lẹ fẹ́ gbà là, mà. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Èmi tí n kò béèrè ni mo jẹ̀bi."

Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wúkọ́. Ìyá náà tú kókó etí ìró rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi. Kápúsù méjì ni, pupa àti yẹ́lò, wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo fẹ́ tú u sínú ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ gbà á kúrò lọ́wọ́ mi."

Mo ní kí a jọ gbé ọmọ náà lọ bá nọ́ọ̀sì. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, mo béèrè nípa Ṣakí.

"Ojú gbogbo ayé lẹ ti dójú tì í," ó ní. "Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ìgbà náà ni yóò padà."

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jáde síwájú ìlà. Mo sọ pé eyín ọmọ yìí mọ́, oògùn ìgbà èwe ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo pè é ní òpùrọ́ ni mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ń wo ilẹ̀. Tíṣà kì í bẹ ọmọ láyé ìgbà yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní, "Sà, ṣé wọ́n á wá fún wa ní àsíá báyìí?" Ẹ̀rín sọ, ọmọbìnrin náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi kò mú gbogbo ìtìjú rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ó padà sí kíláàsì, ó ṣe ìdánwò, ó sì wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Láti ọjọ́ náà, n kò tún dá ọmọ dúró síwájú ìlà nítorí ohun tí n kò tíì bi í léèrè ní kọ̀rọ̀. Ọdún mélòó kan kọjá kí wọ́n tó mú àbúrò rẹ̀, ọmọ-ọwọ́ ọjọ́sí, wá sí ilé-ìwé wa. Ní àyẹ̀wò rẹ̀ àkọ́kọ́, ó la ẹnu gbàgà, eyín rẹ̀ funfun bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Mo ní ó tó, kó pa ẹnu dé. Kò pa á dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n là á dáadáa fún yín, sà," ó ní. "Wọ́n ní kí ẹ wo eyín àwọn lẹ́nu mi."