Ẹ̀yà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Mú Wá

Òórùn pílásítíìkì tuntun ni mo fi ń rántí ọdún náà. Àpótí kọ̀ǹpútà kan ló ń rùn bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ bàbá mi ní Kétu, àpótí ńlá tó ní dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ga débi pé ìyá ìjọ kan tó wá kí wa béèrè bóyá fìríìjì náà ti ń mú omi tutù. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òfìfo ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ń fi òfìfo náà han àlejò. Wọ́n á kí i kú ìnáwó, á dáhùn pé a dúpẹ́, á sì fi etí aṣọ nu dígí rẹ̀ bí ẹni tó ń nu imú ọmọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le rárá. Awakọ̀ ni bàbá mi. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń kó àgbàdo àti gbágùúdá láti Idigny lọ sí Àjàṣẹ́, kí orúnkún wọn méjèèjì tó kọṣẹ́. Láti ìgbà náà, abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì, tí wọ́n sì ń bá awakọ̀ tí kò gbọ́ wọn wí. Wọn ò tíì ní rí ọkọ̀ náà tí wọ́n á fi ní, "Fitẹ́ẹ̀sì kejì ló yẹ kó fi sí, ọ̀dẹ̀ yẹn." Fitẹ́ẹ̀sì ni a ń pe jíà níbi tiwa. Ohùn ẹ́ńjìnnì nìkan ni bàbá mi fi ń mọ̀ ọ́n, wọn kì í sì í ṣì í. Èmi ni àbíkẹ́yìn wọn. Akọ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bẹ bàbá mi títí pé kí wọ́n jẹ́ kí n di fọ̀láǹ ọkọ̀ wọn mú, ìyẹn ohun róbótó tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀, kódà bí ọkọ̀ bá wà ní ìdúró. Wọ́n ní ọwọ́ obìnrin kì í gbé orí fọ̀láǹ káámíọ̀n. Mo ti forí jì wọ́n tipẹ́, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo ti forí jì wọ́n.

Ní ọjọ́ kan, ní àkókò ìsinmi, tísà ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ wa fi eré kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ni èèyàn ń wà nínú eré náà, láti ìlú òyìnbó kan dé òmíràn. Dígí ẹ̀yìn wà, ìjánu wà, ẹrù máa ń wúwo, ẹ́ńjìnnì sì máa ń húkọ́ bí a bá dé òkè. Bàbá mi ni mo rò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tísà náà ní ẹ̀rọ ọ́fíìsì mi kò lè gbé irú eré bẹ́ẹ̀, pé ṣe ni èèyàn máa ń ṣa ẹ̀yà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí á sì tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi oṣù méjì kọ́ ọ. Mo ra ìwé kan, mo sì kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i, bó ṣe fẹ̀ tó, àti iye wáàtì iná tó ń jẹ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ wáàtì wọn bí àwọn ẹlòmíràn ṣe mọ oríkì ọmọ wọn.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Òun ni àkọ́bí wa, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Pobẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa rí tí kò pe ìpàdé lé lórí. Ó ní ohun tí a bá fẹ́ ṣe fún Bàbá kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, pé gbogbo wa ni a jọ máa ṣe é. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó kó èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ, ó gbàdúrà, ó sì ní kí n ka ẹ̀yà náà jáde. Mo kà á. Ó di ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìwé àwọn ará Róòmù. Nígbà tí mo parí, ó là á.

"Èwo ló tóbi jù nínú wọn?"

"Àpótí ni, Fòfó." Bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin nìyẹn.

"Èmi ni mo ni ín."

Ó bi mí èwo ló tóbi jù. Kò bi mí èwo ló ṣe kókó jù. Ohun tó bi mí ni mo dáhùn. Mo máa ń fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ yangàn nígbà náà, pé èmi kì í fi kún ọ̀rọ̀, n kì í sì í yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tẹ̀ lé e, nítorí náà ohun tó dára jù lẹ́yìn àpótí ló tọ́ sí i. Ó mú káàtì gírafíìkì, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú ẹ̀rọ. Oníṣòwò aṣọ ni, ó máa ń kọjá sí Nàìjíríà lọ ra ọjà. Mo kọ orúkọ káàtì kan fún un, èyí tó mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi yìí kò ra ohun kékeré rí láyé rẹ̀. Iṣu tí kò bá tó itan kì í wọ ilé rẹ̀. Ó gbé èyí tó gùn tó apá ọmọdé dé, tó ní fáànù mẹ́ta àti iná pupa, iná búlúù, iná àwọ̀ ewé. Ó ní ẹni tó tà á fún òun búra pé èyí ni àwọn tó mọ̀ ń rà. Pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ àti fọ̀láǹ eré náà já sí ọwọ́ èmi àbúrò. Mo ṣà wọ́n dáadáa. Fọ̀láǹ tí èèyàn lè fi ìka ọwọ́ fún ọkọ̀ ní iná, tí á sì fi ìka tẹ ìjánu, ni mo rà, nítorí orúnkún Bàbá. Ẹnikẹ́ni kò bi mí nípa rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀yà iná, ohun dúdú kékeré tó ń gba iná lára ògiri, tó sì ń pín in fún àwọn yòókù. Kò ní dígí, kò tan ìmọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ àpótí ló sì ń wà níbi tí ojú kò dé. Ta ni yóò mú irú rẹ̀ wá tí wọ́n á kí kú ìnáwó? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kò yẹ kí a rà á rárá, pé ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì ní ọ́fíìsì òun. Ó ní iná ni iná. Mo rọra sọ pé káàtì nìkan yóò béèrè ju ohun tí ẹ̀yà yẹn ní lọ, pé wọ́n kọ iye rẹ̀ sí i lára.

Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. "Àbúrò mi, ta ló fa iná wọ ilé yìí?"

Òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ fi í sílẹ̀, pé bí ẹ bá bu omi fún eléyìí, á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kó tó mu ún. Mo pa ìwé mi dé. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi kò dákẹ́ o. Inú mi ló ti ń pariwo.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé mo ti ra ẹ̀yà iná tó dára. Òun ni mo kọ́kọ́ rà, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó wà nínú àpótí aṣọ mi, lábẹ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lè gbé e jáde ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo pè é ní ọ̀wọ̀ fún àgbà pé n kò gbé e jáde, irọ́ sì ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ náà kú lójú gbogbo ènìyàn tí ẹ̀gbọ́n mi bá pè, kí èmi wá dìde, kí n wọ yàrá lọ, kí n sì gbé tèmi bọ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo ti dán ìrìn náà wò nínú yàrá. Mo ti mọ aṣọ tí màá wọ̀.

Tísà ìṣirò ló bá mi tò ó ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó fẹ́ eruku lára ẹ̀yà iná ọ́fíìsì yẹn, ẹsẹ̀ aáyán ló jáde. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó mi orí.

"Màdáàmù, èyí kò ní gbé e. Á gbé e ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, bí iṣẹ́ bá dé, á kú. Ẹ sọ fún wọn."

Mo ní wọ́n á rí i fúnra wọn.

"Ṣé kì í ṣe bàbá yín ló máa jókòó sí i ni?"

Mo na sùkúrúù tó kàn sí i.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, pálọ̀ kún. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ gígùn lórí ayé òde òní, wọ́n gbàdúrà lé àpótí lórí, ó tẹ ibi tó yẹ, iná aláràbarà tàn nínú dígí, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé Bàbá wọlé. Bàbá ti ní kí a bá àwọn wá fìlà tí àwọn fi ń wakọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, wọ́n sì dé e. Wọ́n gbé ọwọ́ lé fọ̀láǹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń rọra ṣe bí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ olómi. Lẹ́yìn náà wọn kò gbọ́ ohùn wa mọ́. Èjìká wọn nà. Wọ́n bú òyìnbó kan tó já sí iwájú wọn láìtan iná. Mo rántí pé fún ìwọ̀nba àkókò yẹn, mo gbàgbé ohun tí mo ń retí.

Wọ́n dé òkè kan. Ẹrù wúwo. Wọ́n ti fi sí fitẹ́ẹ̀sì kejì kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ sì ń gùn ún jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n yọrí sí òkè, ìlú ńlá kan ṣí sílẹ̀ níwájú, pẹ̀lú ilé àti ọkọ̀ tí kò lóǹkà. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta káàtì ẹ̀gbọ́n mi hó. Ohun gbogbo sì ṣókùnkùn, títí kan iná aláràbarà.

Mo ti dìde tán. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá. Ọwọ́ wọn ṣì wà lórí fọ̀láǹ.

"Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ẹ ní láti mọ̀ pé ọkọ̀ kankan kò kú mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ lórí òkè rí. Ọ̀rọ̀ ìyangàn wọn nìyẹn. A mọ̀ ọ́n bí a ṣe mọ Àdúrà Olúwa. Wọ́n ṣí fìlà wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ti tán." Wọ́n sì ní kí a gbé àwọn padà sí abẹ́ máńgòrò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní iná Kétu ni, pé iná kì í lágbára lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbogbo ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ìrẹsì wọn. Kò tijú. Ìtìjú tí mo ti ń tọ́jú fún un láti ọjọ́ ìpàdé, bàbá mi ló gbé e.

Mo lọ gbé ẹ̀yà iná mi jáde. Ẹnikẹ́ni kò wo ìrìn mi. Kí wọ́n tó jẹun tán, èmi àti tísà ti pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ sì gun òkè náà láìsí wàhálà. Mo sáré jáde lọ bá Bàbá, mo ní ẹ̀rọ ló kú, kì í ṣe ọwọ́ yín. Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú.

"Ọmọ mi, gbogbo awakọ̀ ló máa ń sọ pé ọkọ̀ ni."

Ohun kan ṣoṣo ni wọn ì bá gbà gbọ́: pé mo ti mọ̀, pé èyí tó dára wà lábẹ́ aṣọ mi ní gbogbo àkókò tí àwọn fi ń gun òkè. Mi ò sọ ọ́. Mo bu omi fún wọn.

Wọn kò jókòó sídìí rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní ọ̀sán Sátidé, kí ó má baà gba eruku lásán. Ní ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń gun òkè yẹn, mo gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn fèrèsé: "Kejì. Fi sí kejì." Mo fi sí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ọkọ̀ nìyẹn, láti ìta, pẹ̀lú etí, títí wọ́n fi kú. Wọn kò béèrè rí pé ọwọ́ ta ló wà lórí fọ̀láǹ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì ń sọ fún àlejò pé òun lòun kọ́ kọ̀ǹpútà fún Bàbá, mi ò sì jà á níyàn. Àpótí rẹ̀ ṣì dúró, ó ṣì tóbi. Ẹ̀yà iná ọ́fíìsì yẹn wà lọ́dọ̀ mi. Abẹ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi sí, níbi tí èkejì wà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi sì máa ń kàn án ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Iye wáàtì rẹ̀ ṣì hàn ketekete lára rẹ̀. Òun kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.