Ilé Wo Ni Ká Kọ fún Owó-Orí Alájì?

Tí oṣù kìíní ọdún bá ti wọlé, ẹ má bá mi ṣeré. Oṣù yẹn ni èmi, oníṣirò owó ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ike ní Ọ̀tà, gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ owó-orí gbogbo òṣìṣẹ́ wa ránṣẹ́ sí ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́lẹ̀, fáìlì la máa ń gbé lọ sí ọ́fíìsì wọn. Bí nǹkan kan bá kù, a ó bẹ ẹni tó jókòó síbẹ̀, á ní ká lọ mú un wá lọ́la. Kọ̀ǹpútà kì í gba ẹ̀bẹ̀ ní tiẹ̀. Tí ojú ibì kan tó yẹ ká kọ nǹkan sí bá ṣófo, kò ní lọ.

Àdírẹ́sì ló máa ń fún mi ní wàhálà jù. Ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ni owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnu ààlà Èkó sì ni àwa wà. Ẹlòmíì ń ti Sáńgo wá, ẹlòmíì ń ti Alákùkọ tó jẹ́ ti Èkó wá, gbogbo wọn á sì jọ kó sẹ́nu géètì kan náà láàárọ̀. Mo ní láti bi oníkálùkù léèrè pé, "Níbo lẹ̀ ń gbé?" Ìbéèrè tó rọrùn ni, àbí?

Ó rọrùn títí ó fi kan Alájì. Alájì ló ń tún àwọn ẹ̀rọ wa ṣe. Ọmọ Ọ̀tà ni, ó jù mí lọ dáadáa, ó sì láwàdà lẹ́nu. Ìyàwó méjì ló ní. Ìyálé wà ní Joju ní Sáńgo, ìyàwó kékeré wà ní Alákùkọ, ó sì ń pín ara rẹ̀ sí méjì láàárín wọn.

"Alájì, ilé wo ni kí n kọ?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Àǹtí, ẹ fẹ́ dá ogun sílẹ̀ fún mi! Tí ẹ bá kọ Joju, ti Alákùkọ á ní mi ò ka òun sí. Tí ẹ bá kọ Alákùkọ, ìyálé á ní mo ti já òun jù sílẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, tèmi wá jẹ́ méjì!"

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ gbọ́, ni wọ́n bá ń pè é ní onílé méjì. Inú rẹ̀ ń dùn. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, á yọjú: "Àǹtí, wọn ò tíì parí ìjà o!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi. Ti gbogbo èèyàn ti pé, tiẹ̀ nìkan ló kù.

"Alájì, ẹ lọ bi wọ́n. Èyí tí wọ́n bá fẹnu kò sí, ẹ mú un wá fún mi kíá. Mi ò lè tìtorí ìyàwó yín san owó ìtanràn."

Ìgbà tó padà wá, kò yọjú lásán, ó wọlé, ó sì jókòó.

"Ẹ bi wọ́n? Ta ló borí?"

Ó ní ilá ni ìyálé ń rẹ́ nígbà tí òun bi í. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ilé wo, Alájì? Ilé tí mo fi èrè aṣọ tí mò ń tà kọ́ yìí? Ẹ máa ń wá sùn níbí ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ìjọba wá sẹ́nu ọ̀nà mi." Alájì bá gba Alákùkọ lọ. Ìyàwó kékeré kúnlẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ sọ tiẹ̀. Ó ní, "Bàbá wa, èmi ni mò ń san owó yàrá yìí, orúkọ mi ló wà nínú rìsíìtì. Ẹ ní kí wọ́n kọ ti ìyálé mi."

"Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn," Alájì wí. "Oúnjẹ àti owó iléèwé ni gbogbo owó mi ń bá lọ."

Mo ti ní kí n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ti yọ mí lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidi gan-an.

"Ṣé ẹ ò lè fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Kò ní lọ, Alájì."

"Ẹ kọ ilé iṣẹ́ níbí ńkọ́?"

"Ẹ ò gbé ibí." Mo rọra bi í pé, "Níbo lẹ ti máa ń sùn jù?"

Ó ronú sí i. "Joju ni."

Mo tẹ Joju, mo tẹ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Alájì na ọrùn wo kọ̀ǹpútà náà, ó wo orúkọ ara rẹ̀ àti ilé ìyálé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó tún padà wá bá mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bò ó o. Kí ìyálé má lọ gbọ́ pé mo ní ọ̀dọ̀ òun ni mò ń gbé."