Síkírìn Tí Mo Gbé fún Tèmi

Èmi kì í gba ìtàn òkú gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí kí n tó sùn, kí n má baà bù mọ́ ọn lọ́la. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Ilé wa ní Largo, ní Amẹ́ríkà níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Síkírìn méjì ni mo so mọ́ látọ́ọ̀pù mi. Ẹ̀kẹta, tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún tẹ́lẹ̀, ti ìyàwó mi ni. Nígbà tó kú, mi ò lè máa wò ó. Mo gbé e fún Tèmi, ọmọ wa tí a bí síbí, tó ń gbé ní Hyattsville.

Lọ́sàn-án òní, Sátidé, mò ń ṣètò fídíò kan fún ìsìn ìrántí ìyàwó mi. Àdúrà ni ìyàwó mi ń gbà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe fa fídíò náà sí ọ̀tún díẹ̀, ó kọjá etí síkírìn, mi ò sì rí i mọ́.

Látọ́ọ̀pù ní síkírìn mẹ́ta ni mo so mọ́ òun.

Ẹ gbà mí gbọ́, méjì ló wà níwájú mi. Mo pa á, mo tún un tàn. Mẹ́ta. Mo yọ gbogbo kébù kúrò lára rẹ̀. Ó ní ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo pe Tèmi.

“Dádì, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn.”

“Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ tún ṣe é. Ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà, ìjà ni ṣáá.” Ó rẹ́rìn-ín. Lójijì, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ẹ dúró ná. Síkírìn Mọ́mì tàn.”

“Kí lo so mọ́ ọn?”

“Kò sí nǹkan kan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Dádì, Mọ́mì ń pè mí.”

Nínú fídíò yẹn, ìyàwó mi kò pe ẹnikẹ́ni.

“Tèmi, má dáhùn o!”

“Mo ti dáhùn. Mo ní, ‘Ma?’ Kí ló dé?”

A kọ́ ọmọ yìí pé tí ìyá rẹ̀ bá pè é, kó tètè dáhùn. A ò rántí kọ́ ọ pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìbàdàn.

Mo wakọ̀ lọ. Síkírìn náà wà nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo fi wé e, ó tutù. Mo mú Tèmi wálé. Ara rẹ̀ le, ó ń ṣàwàdà. Àmọ́ bí a ṣe ń jẹun lálẹ́ yìí, ó gbójú sókè, ó ní, “Ma?” Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ó tún ń dùn mí pé èmi kọ́ ni ìyàwó mi pè. Mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Tèmi ti sùn. Látọ́ọ̀pù ṣì ní ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tí tiyín bá ka síkírìn tí ẹ ò rí, ẹ má fa ohunkóhun lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì bímọ síbí, ẹ jí wọn, kẹ́ ẹ kọ́ wọn lálẹ́ òní.