Orúkọ tí Mi Ò Lè Pè

Ọdún kejì tí wọ́n sọ àsíá àwọn Faransé kalẹ̀ ni mò ń wí. Yàrá wa lẹ́yìn ọjà Mísẹ̀bò ní Kútọnù ń rùn fún aṣọ tuntun àti afẹ́fẹ́ òkun. Agbọ́únjẹ nínú ọkọ̀ òkun ni ọkọ mi. Ìgbà tó dé kẹ́yìn, àwo orin kan ló gbé wá. Ọkùnrin dúdú ará Amẹ́ríkà kan ló ń fọn fèrè onírin nínú rẹ̀, wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní jáàsì. Ọkọ mi lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó tún lọ. Ọdún yípo, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Tíṣà tó ń gbé yàrá kejì ló ní ẹ̀rọ tí ń kọrin. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá gbé àwọn ìbejì mi, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lápá, màá gbé àwo náà lọ. Ìyàwó tíṣà á ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ tún ti gbé orogún yín dé.” A óò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí fèrè yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín tán nìyẹn. Yóò pe, yóò dákẹ́ bí ẹni ń retí èsì, yóò tún pe.

Lọ́jọ́ kan tíṣà ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí àwo náà fún mi. Ó ní àwọn ìyá ìyá ọkùnrin náà ló fi orin náà rántí, àwọn tí wọ́n kó láti ìhà tiwa lọ sí etí òkun kan lọ́hùn-ún. Orin tí wọ́n ń kọ nídìí àwọ̀n ẹja ló fi fèrè fọn. Tíṣà ní, “Àwọn tí orin náà ń pè, àwọn tó ń kọ ọ́ ò mọ orúkọ wọn mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Èmi mọ orúkọ ẹni tí mò ń pè, àmọ́ nílé wa ní Kétu, ìyàwó kì í fẹnu pe orúkọ ọkọ. Oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà náà, mo ti dá lọ béèrè ọkọ mi ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ òkun ní wáfù, ní èbúté. Akọ̀wé ní ta ni mò ń wá, mo ní Bàbá Ìbejì. Ó ní Bàbá Ìbejì pọ̀ ní Kútọnù, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ìtìjú ni mo gbé padà sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí tíṣà ka páálí náà fún mi, mo padà lọ sí ọ́fíìsì náà. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn baba ọkọ mi, mo sì pe orúkọ náà, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀. Akọ̀wé ṣí ìwé. Ó ní ọkọ mi ti sọ̀kalẹ̀ ní ìlú Libreville lọ́hùn-ún, àìsàn ló gbé e sọ̀kalẹ̀, ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Kí ẹni tí a rán tó débẹ̀, wọ́n ti sin ín. Oṣù mẹ́ta péré ni ikú fi ṣíwájú ẹni tí a rán.

Nígbà tí àwọn ìbejì mi ń lọ ilé ọkọ, mo pè wọ́n jókòó. Mo ní, “Ọ̀nà tí a ń gbà bọlá fún ọkọ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ mọ́ yín lẹ́nu.”